Alùpùpù Mi ní Mansfield

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi ti sọ ọ́ lórí fóònù láti Òkèhò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà ti sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún. Mo gbọ́ gbogbo wọn. Inú ṣì ń bí mi.

Iṣẹ́ ìlera ni mo ṣe nílé. Ìjọba ìbílẹ̀ fún mi ní alùpùpù kan, èmi ni mo sì máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abà tó wà lẹ́yìn Òkèhò, níbi tí mọ́tò kì í lè dé nígbà òjò. Màá so àpótí yìnyín mọ́ ẹ̀yìn, màá wọ bàtà òjò, màá de ìborùn mi mọ́rí dáadáa, ó di ọ̀nà oko. Tí táyà bá jò, èmi ni màá tú u. Tí ṣéènì bá já, èmi ni màá so ó. Àwọn ọmọ abà mọ ìró ẹ́ńjìnnì mi. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ báyìí, wọ́n á sá wọnú àgbàdo nítorí abẹ́rẹ́. Mò ń sọ èyí kó lè yé yín pé kì í ṣe Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́kọ́ mọ alùpùpù, kì í sì í ṣe eré ni mo fi í ṣe.

Bọ̀ọ̀dá Dépò, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló mú mi wá síbí. Ó ti pẹ́ ní Texas. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Dallas, ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà kan. Mansfield ni ilé wọn wà, nínú ọ̀wọ́ àwọn ilé bíríkì tí wọ́n jọra wọn débi pé, ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni mo ń tì. Àdéhùn wa ni pé màá máa bá wọn mójú tó àwọn ọmọ wọn, Tómi àti àbúrò rẹ̀ Tiwa, màá wá iṣẹ́, tó bá sì yá màá dá dúró. Àdéhùn tó dára ni. Inú mi dùn sí i nígbà náà.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí ni pé mi ò rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Títì fẹ̀, ó mọ́, ó ń dán, àwọn ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n fẹsẹ̀ lọ ra ata ní ilé ìtajà kan tí mo ti rí láti inú ọkọ̀. Kò jìnnà lójú mi. Nílé, màá ti lọ, màá ti bọ̀. Ibi tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ tán lójijì, ó ku koríko, nígbà tó yá koríko náà tán, ó ku eruku etí títì. Ooru ń bọ̀ láti òkè, ó ń bọ̀ láti ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá kan ti wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ mi ló bàjẹ́. Mo ní mi ò ní ọkọ̀. Ó béèrè bóyá ara mi le. Mo ní ara mi le, ata ni mo fẹ́ rà. Ó béèrè ibi tí mò ń gbé, ó sì rọra ń wakọ̀ tẹ̀lé mi títí mo fi padà délé. Kò bá mi jà o. Ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó wa ṣílẹ̀kùn tó rí ọkọ̀ ọlọ́pàá lẹ́yìn mi, ó wò mí bíi pé mo lọ jalè. Ó ní kí n jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé àwọn ará àdúgbò ń wò.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò gùn níbí, inú ẹ̀wọ̀n ló wà. Wọ́n kàn fi kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni.

Mo rí iṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó kan ní Arlington. Mo máa ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń bọ́ wọn lóúnjẹ, mo máa ń yí wọn lórí ibùsùn kí ara wọn má baà bó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bí mo ṣe ń débẹ̀ ni mo kórìíra. Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ọkọ̀ ojú irin, àfi kí ẹnìkan gbé mi. Bọ̀ọ̀dá mi tàbí ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbé mi.

Ẹ má gbọ́ mi lódì. Wọn ò fi ebi pa mí, wọn ò gbọ́wọ́ sókè sí mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbàgbé aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, inú ọkọ̀ ni wọ́n á ti bá mi sọ ọ́, níbi tí mi ò ti lè dìde kúrò. Tí mo bá sọ pé ó rẹ̀ mí láti dáná fún ìpàdé àwọn díákónì, lọ́jọ́ kejì Bọ̀ọ̀dá mi á ṣàdédé ní ìpàdé orí kọ̀ǹpútà gan-an lásìkò tó yẹ kó gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sáré gbé mi dé ilé ọ̀rẹ́ kan, wọ́n á béèrè irú ọ̀rẹ́ tó jẹ́. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún. Obìnrin tí gbogbo abà kan ń dúró dè. Mo wá di ẹni tó ń tọrọ àyè kó tó lè lọ ra pádì.

Lọ́jọ́ tó sú mi pátápátá, ọ̀sán gangan ni iṣẹ́ mi parí. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn arúgbó, mo ń retí Bọ̀ọ̀dá mi. Kò gbé fóònù. Ìyàwó wa wà níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ń wọlé, wọ́n ń béèrè bóyá nǹkan ṣe mí. Ọ̀gá wa, obìnrin òyìnbó kan tó lójú àánú, gbé omi wá fún mi, ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wẹ̀yìn wò mí. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí Bọ̀ọ̀dá mi tó dé. Ó ní òun gbàgbé ni. Ó ń kọ orin ẹ̀mí lábẹ́nu bó ṣe ń wakọ̀. Nígbà tó yá, ó ní sùúrù ni Amẹ́ríkà ń fẹ́. Mo yíjú sí fèrèsé, mo ń ka àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ọmọ Yorùbá kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń tún àwọn ibùsùn àti àga onítáyà ṣe. Àlàájì Mùtíù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó. Mo ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ó máa ń ra alùpùpù tó ti forí gbárí níbi gbàǹjo, tí yóò tún un ṣe nínú gáráàjì rẹ̀, tí yóò sì tà á. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà mo bá a, mo ní kó wá ọ̀kan fún mi. Ó ní ọ̀kan wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ rèé. Tí ọkọ̀ kan bá ṣèṣe ní Texas, tí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì sì rí i pé àtúnṣe rẹ̀ á náni ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ, wọn ò ní tún un ṣe. Wọ́n á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì ta ọkọ̀ náà bíi pé ó ti kú. Ẹni tó bá rà á, tó tún un ṣe dáadáa, lè gba ìwé tuntun fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé náà pé wọ́n tún ọkọ̀ yìí kọ́ ni. Rebuilt ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ayé, ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi máa ń wálẹ̀. Ó ní ti èyí kò pọ̀: ọmọ yunifásítì kan ló ń yà ní kọ́nà, ó ṣubú, ẹ̀gbẹ́ òsì wọ́ ilẹ̀. Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù rẹ̀, bí alùpùpù náà ṣe rí kó tó fọwọ́ kàn án. Táńkì tẹ̀ wọnú, ọwọ́ ìdarí wọ́, ibi ìfẹsẹ̀lé kán, dígí kan fọ́.

Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó Àlàájì gbé omi fún mi, mo mu ún, a bọ́ sínú gáráàjì. Alùpùpù náà dúdú, kò tóbi jù, kò sì kéré. Àlàájì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ mi ni yóò máa gùn ún.

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ẹ ti gun máṣìn rí?"

 Mo bẹ̀rẹ̀ tì í. Mo wo ṣọ́ọ̀kì iwájú bóyá epo ń jò lára rẹ̀. Mo yí ọwọ́ ìdarí sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, bóyá ó ń há. Mo dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì nínú aṣọ tí mo wọ̀, mo fi ọwọ́ pa egungun abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bóyá wọ́n jó irin mọ́ ọn níbì kan. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí n lè mọ̀ bóyá ó ti gbé e gbóná ṣáájú kí n tó dé, ó tutù. Mo sítáàtì rẹ̀, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wá gùn ún yí ẹ̀yìnkùlé wọn ká. Mo sọ ọwọ́ ìdarí sílẹ̀ fẹ́rẹ́, kò fà sápá kan. Mo pa á, mo sọ̀ kalẹ̀. Àlàájì ò béèrè nǹkan kan mọ́. A ná an, a yanjú, ó fi ọ̀pá tuntun tí a fi ń gbé e dúró kún un fún mi, ó sì ní kí n fi alùpùpù náà sọ́dọ̀ òun títí màá fi gba lísẹ́ǹsì.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ fún lísẹ́ǹsì náà, inú pápá ìgbọ́kọ̀sí kan ni. Èmi nìkan ni obìnrin, èmi nìkan sì ni dúdú. Olùkọ́ náà béèrè lọ́wọ́ mi ṣáájú gbogbo ènìyàn bóyá mo gbọ́ òyìnbó. Mo ní mo gbọ́ ọ. Ó tún un sọ, ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Nígbà tó di pé ká rọra gba àárín àwọn ike pupa kọjá láì fẹsẹ̀ kanlẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ya àwòrán sára ń tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo gba ibẹ̀ kọjá, mo yí padà, mo tún gba ibẹ̀ bọ̀. Mo ti gun èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú àpótí yìnyín lẹ́yìn. Olùkọ́ náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, kò sì fa ọ̀rọ̀ gùn fún mi mọ́.

Ìwé alùpùpù náà dé ní orúkọ mi. Odidi orúkọ mi, bí bàbá mi ṣe sọ mí. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, gbogbo ohun tí mò ń lò ló jẹ́ ti ẹlòmíràn: ibùsùn, fóònù, ìjókòó ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé. Èyí nìkan ni mo lè nawọ́ sí pé tèmi ni.

Ọjọ́ tí mo gùn ún wọ Mansfield, Bọ̀ọ̀dá mi wà níwájú ilé, ó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó pa omi. Ó wo alùpùpù náà, ó wo ojú ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni rí wa, ó ní ká wọlé. Nínú ilé ló ti gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, ó ní pàǹtírí ni mo lọ rà. Mo ní mo mọ ohun tí mo rà, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé àbúrò Díákónì ń gun ọ̀kadà ní Texas?"

Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́. Ó sọ ìwé náà sórí tábìlì. A ò sọ̀rọ̀ náà mọ́, mo sì rò pé ó ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, mo gbádùn oṣù mélòó kan. Mo máa ń jáde ní ìdájí nígbà tí atẹ́gùn ṣì tutù. Mi ò í gba fíríwéè, ọ̀nà ńlá tí àwọn ọkọ̀ ti ń sá eré àsápajúdé. Àwọn títì kéékèèké ni mo máa ń gbà, ẹ̀gbẹ́ àwọn pápá tí màlúù wà, mo sì máa ń ṣí gíláàsì akoto mi kí n lè gbóòórùn koríko. Mo máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo máa ń kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá wù mí. Lọ́jọ́ kan mo dúró lójú ọ̀nà láìnídìí, mo kàn jókòó sórí alùpùpù mi, mo ń jẹ ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí mo wà. Mi ò rò pé mo lè sọ bí ìyẹn ṣe dùn tó fún ẹni tí wọn ò gbé lọ gbé bọ̀ bí ẹrù rí.

Mo pe ìyá mi ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo gbé fóònù sétí ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ ọ.  Ó ní, "Ìwọ gan-an nìyẹn." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún táyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lóòótọ́. Obìnrin kan tó jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní ẹ̀mí ti bá òun sọ̀rọ̀ nípa mi, pé èmi àti alùpùpù mi dọ́gba: a fọ́, Ọlọ́run sì ń tún wa kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ó rò pé inú mi á dùn. Mo sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò sẹ́ni tó fọ́ mi, ma, odidi ni mo dé. Kò kí mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó sì dé etí Bọ̀ọ̀dá mi kí á tó jẹun ọ̀sán tán. Mo rí i ní ojú rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àpéjọ ńlá bẹ̀rẹ̀ ní Floyd, níbi àgọ́ ìjọ kan tó wà láàárín oko. Gbogbo ilé ló yẹ kó lọ. Ìyàwó wa ló wa èmi àti àwọn ọmọ lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Bọ̀ọ̀dá mi ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, òun á wá bá wa lọ́jọ́ kejì. Ó wá lóòótọ́. Ó jókòó ti wa, ó kọrin, ó ra yìnyín dídùn fún àwọn ọmọ. A padà sí Mansfield ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bí ọkọ̀ ṣe yà wọ iwájú ilé, mo rí i pé àyè alùpùpù mi ṣófo.

Mi ò kígbe. Mo kàn ń rìn yí ibẹ̀ ká, mo ń wo ilẹ̀ bíi pé ó lè ti kéré kó sì bọ́ sínú koríko. Tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí pé mo ti ṣèlérí pé màá gbé e yí àdúgbò ká lórí rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ní áà, olè ti wá. Ó ní irú àwọn olè bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n á gbé alùpùpù sínú ọkọ̀ ẹrù láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ní kí á pe ọlọ́pàá. Ó ní kí n fi ara balẹ̀ ná, pé ọlọ́pàá ò ní tìtorí ohun tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀ dìde, pé wọ́n á kàn máa bi mí ní ìbéèrè tí kò lórí. Ó ní àdúrà ló kù.

Ó kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní kí Ọlọ́run tú àṣírí olè náà, kí olè náà má rí ìsinmi, kí ọwọ́ tó gbé e má gbádùn rẹ̀. Tómi àti Tiwa ṣe àmín. Ìyàwó wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, omi ń bọ́ lójú mi sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó fi àǹkáṣíìfù rẹ̀ nù ún fún mi.

Ní ọjọ́ Ajé, Àlàájì wá gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Òun ló sọ fún mi pé mo gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí, olè tàbí àdúrà, nítorí orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá sì fi ṣe, èmi ni wọ́n á mú. Nígbà ìsinmi oúnjẹ mo wọ yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí, mo pè wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù gba nọ́ńbà alùpùpù náà lẹ́nu mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní wọn ò jí i. Mo ní mi ò gbọ́ ọ. Ó tún un sọ: àwọn tó ń fa ọkọ̀ ló fà á lọ, ó wà lọ́dọ̀ wọn, onílé ló sì pè wọ́n, pé ọkọ̀ tí òun ò mọ olówó rẹ̀ ni ẹnìkan pa tì síwájú ilé òun. Ó ka àdírẹ́sì ilé náà fún mi. Ilé tí mo ti jí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Mo jókòó sórí àwọn aṣọ ibùsùn tí wọ́n ti lọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe alùpùpù. Àǹkáṣíìfù náà ni.

Lẹ́yìn iṣẹ́, Àlàájì gbé mi lọ síbẹ̀. Ọgbà kan ni, wọ́n fi irin ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, ọkọ̀ oríṣiríṣi kún inú rẹ̀. Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn, ó béèrè kí ni mo jẹ́ sí ẹni tó ni alùpùpù náà. Mo ní èmi ni mo ni ín. Mo ti ìwé mi gba abẹ́ gíláàsì sí i. Ó wo ìwé náà, ó wo ojú mi, ó ní kí n sanwó. Mo san án. Owó tí mò ń tọ́jú láti fi gba ilé tara mi ni. Nígbà tí wọ́n tì í jáde, dígí tí Àlàájì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ti fọ́, nǹkan sì ti ha táńkì rẹ̀. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Mo ní kó jẹ́ kí á máa lọ.

Mo gùn ún padà sí Mansfield. Bọ̀ọ̀dá mi àti ìyàwó rẹ̀ wà ní pálọ̀, àwọn ọmọ wà ní òkè. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó wọlé. Ó ti dìde dúró. Mo gbé akoto mi sórí tábìlì.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Àdúrà yín ti gbà."

Ìyàwó wa ń wo ojú mi, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Mo rí i pé kò mọ̀. Ìyẹn nìkan ni mi ò fi bá a jà. Mo sọ ohun tí ọlọ́pàá sọ fún mi. Bọ̀ọ̀dá mi kò sẹ́ ẹ. Ó ní òun ṣe é nítorí ẹ̀mí mi, pé ojoojúmọ́ ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń tẹ àwọn tó ń gun alùpùpù pa ní Texas, pé òun ò fẹ́ gbé òkú mi lọ bá Màmá.

Mo ní, "Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà yín, ẹ̀ bá sọ fún mi. Olè lẹ sọ fún mi. Ẹ kúnlẹ̀ ti àwọn ọmọ yín, ẹ sì ń bẹ Ọlọ́run kó mú olè."

Ó ní kí n rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo mú ọ wá sí ìlú yìí."

Mo ní, "Ẹ mú mi wá. Ẹ ò rà mí."

Láyé mi, mi ò tíì dá Bọ̀ọ̀dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbogbo rẹ̀ náà, mi ò pè é ní ìwọ. Mo gòkè, mo kó aṣọ mi sínú báàgì, Tómi sì dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń fi òyìnbó béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo ní Arlington ni, kò jìnnà. Kò sọ fún mi pé kí n má lọ. Ó bá mi gbé báàgì kan sọ̀kalẹ̀.

Ìyàwó Àlàájì gbà mí sílé fún ìgbà díẹ̀, títí mo fi rí yàrá kan nínú àpátímẹ́ǹtì pẹ̀lú opó kan tó wá láti Ìbàdàn. Mo kó bẹ́ẹ̀dì kékeré kan síbẹ̀, mo ra ìkòkò. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gba ìpè lóríṣiríṣi. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa pè. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin pè. Ìyá mi pè, ó ní Bọ̀ọ̀dá mi ti ṣàlàyé fún òun, pé ìfẹ́ ni, pé kí n lọ kúnlẹ̀ fún un nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni, kí n sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo bi í bóyá Bọ̀ọ̀dá mi sọ ti àdúrà náà fún un. Ó ní àdúrà wo? Mo mọ̀ nígbà náà pé ó ti gé ìtàn náà kù.

Ohun tí wọn ò fẹ́ yé wọn nìyẹn. Wọ́n rò pé irin ni mò ń bínú lé lórí. Mo ti pẹ́ tó nílùú òyìnbó láti mọ bí àlejò ṣe ń rí. Ọlọ́pàá tẹ̀lé mi nítorí pé mo ń rìn; olùkọ́ sọ̀rọ̀ sí mi bí òmùgọ̀; èmi àti wọn ò bí ara wa, mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tó yẹ kó jẹ́ pé tí mo bá wọ ibẹ̀, mi ò ní jẹ́ àlejò. Onílé yẹn gan-an ló pe àwọn àjèjì lórí fóònù, tó sì sọ fún wọn pé òun ò mọ ẹni tó ni ohun tó wà níwájú ilé òun. "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ohun tó sọ nìyẹn. Èwo ni kí n wá fi sílẹ̀ níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá mi ni. Òun nìkan ló wá. Ó ti rù díẹ̀. Ó kí mi, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ nípa ooru, ó ń sọ nípa iṣẹ́, ó ní àwọn ọmọ ń béèrè mi, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?"

Ó wo inú yàrá kọjá èjìká mi.  Ó ní, "Èmi ni mo pè wọ́n."

Mo ní mo ti mọ̀, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni. Mo béèrè pé àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tó ṣe àmín. Ó ní wọ́n ṣì rò pé olè ni, pé àwọn ọlọ́pàá ló bá mi gbà á padà. Mo ní kó lọ sọ fún wọn.

Ó ní, "Tí mo bá sọ fún wọn, ojú wo ni wọ́n á máa fi wò mí?"

Mo ní, "Ojú tí èmi náà fi ń wò yín."

Mo rò pé yóò bínú lọ. Kò lọ. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní ó dáa, òun á sọ ọ́ fún wọn. Mi ò mọ̀ bóyá yóò sọ ọ́. Mo yà fún un, ó wọlé, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí mo ní. Mo bu ìrẹsì fún un, mo fi ẹran tó tóbi sí i, mo gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní kí n bu tèmi kí á jọ jẹ ẹ́.

Mi ò bá a jẹ ẹ́.